Iṣẹ́ tàbí Ìṣe? Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Àtúntò Ìlànà Ẹ̀kọ́ Oyè Kejì nínú Ìmọ̀ Ìfìṣetọ́jú

0. Ìfáàrà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera kan bá dé Ìlóbí, ní ilẹ̀ Yewa lẹ́bàá Ìlaròó, tí ó bá ìyá àgbà kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún rẹ̀ níjòkòó lẹ́nu ọ̀nà, tí ó kí i tán, tí ó sì bi í pé, ‘Ìyá, kí ni iṣẹ́ yín?’, ìdáhùn tí yóò gbọ́ kò ṣòro láti mọ̀. Ìyá yóò ní, ‘Ọmọ mi, n kò ṣiṣẹ́ mọ́.’ Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹni yìí kò ní iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyá kan náà ni ó ń bó ẹ̀gẹ́ fún láfún títí di ọjọ́ tí àìsàn dé. Òun ni ó ń pàtẹ ata sí iwájú ilé. Òun ni ó ń wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Òun ni wọ́n ń dúró dè kí ìpàdé ẹbí tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tí ó pè ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pátá ni àìsàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ ni èyí, kì í ṣe ìròyìn nípa ẹnì kan pàtó. Ohun tí ó fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a kò yàn dáadáa lè ba àyẹ̀wò jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní occupational therapy, tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní ìfìṣetọ́jú fún ìdí tí yóò hàn níwájú, dúró lórí ìbéèrè kan: kí ni ẹni yìí máa ń ṣe, kí ni kò lè ṣe mọ́, ọ̀nà wo ni ó sì lè gbà tún un ṣe? Bí ìbéèrè náà bá ṣì lójú èdè, ohun gbogbo tí ó bá tẹ̀ lé e yóò ṣì.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga bá ń ṣe àtúntò ìlànà ẹ̀kọ́ oyè kejì nínú ìmọ̀ yìí ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a ó fi kún un nígbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀-ìperí ni ìpìlẹ̀ àtúntò náà. Ìlóbí ni a ó sì fi ṣe òṣùwọ̀n: ìlànà ẹ̀kọ́ tí ẹni tí ó kọ́ ọ kò bá lè jókòó ti olùgbàtọ́jú ní Ìlóbí, kí ó sì yé ara wọn, kò tíì pé.

1. Ibi tí ìmọ̀ náà ti ṣẹ̀

Ní oṣù kẹta ọdún 1917 ni àwọn ènìyàn díẹ̀ pàdé ní Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa gbé ìmọ̀ yìí lárugẹ. George Barton, ẹni tí ó pè wọ́n jọ, kì í ṣe oníṣègùn. Ayàwòrán-ilé ni, àìsàn sì ti gba agbára lára òun fúnra rẹ̀ rí. Ní ọdún 1930, oníṣègùn obìnrin kan, Elizabeth Casson, dá ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Bristol. Ní ọdún 1952 ni a dá àjọ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀. Àjọ yìí ni ó ń gbé òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ kalẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ káàkiri ayé. Nínú èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2016, wọ́n fi lélẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ lò tó dín ní 1,000 wákàtí lẹ́nu ẹ̀kọ́ ojú-iṣẹ́.

Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1988 ni ó dá àjọ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìmúbọ̀sípò sílẹ̀, àwọn oníṣẹ́ yìí sì wà nínú wọn. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń kọ́ni ní ìmọ̀ náà dé ìpele oyè, bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà ní Òṣòdì, ní Èkó, tí ó ń kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ ilé ìwé bá tilẹ̀ ti òkè òkun wá, ohun tí ó jọ ọ́ ti wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tí kò jìnnà sí Yewa, láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1954 ni Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, ní Abẹ́òkúta, tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Kàkà kí wọ́n ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà, inú àwọn abúlé tí ó yí Aró ká ni wọ́n fi wọ́n wọ̀ sí, tí ẹbí aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì bá a wá. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń padà sí abúlé, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn onílé ṣe ohun tí ará abúlé ń ṣe: oko, oúnjẹ, ìgbádùn, ìpàdé. Ohun tí Lámbò gbà gbọ́ ni pé ìgbé-ayé àárín àwùjọ jẹ́ apá kan nínú ìtọ́jú. Ẹ̀yìn èyí ni ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì tún di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí yóò bá bẹ̀rẹ̀ láti Clifton Springs, tí kò sì kan Aró, ti fò kọjá ohun tí ó sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ.

2. Iṣẹ́ àti ìṣe

Àwọn tí ó máa ń túmọ̀ orúkọ ìmọ̀ yìí sábà máa ń fi ‘iṣẹ́’ sí i: ‘ìtọ́jú oníṣẹ́’ tàbí ‘ìwòsàn nípa iṣẹ́’. Ìtumọ̀ yìí ní àbùkù méjì.

Èkínní, ‘iṣẹ́’ ní èdè Yorùbá dín ju ohun tí ìmọ̀ náà ń sọ lọ. Iṣẹ́ ni ohun tí a fi ń jẹun, tàbí èyí tí ẹnì kan rán wa, tàbí làálàá. A kì í pe wíwẹ̀ ní iṣẹ́. A kì í pe ayò títa ní iṣẹ́, a kì í sì í pe kíkí àgbà láàárọ̀ ní iṣẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ìmọ̀ náà ń tọ́jú. Ìdí nìyí tí ìyá inú àpẹẹrẹ wa fi lè sọ òtítọ́ pé òun kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí òtítọ́ náà sì ṣi olùgbọ́ lọ́nà.

Èkejì, ‘ìwòsàn’ ṣèlérí ohun tí ìmọ̀ náà kì í ṣe. Ẹni tí a bá wò sàn, àìsàn ti kúrò lára rẹ̀. Apá tí rọpárọsẹ̀ mú lè má padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ láéláé, síbẹ̀ ẹni náà lè tún máa bu oúnjẹ fúnra rẹ̀, kí ó máa wọṣọ, kí ó sì máa jókòó sí ipò rẹ̀ nínú ẹbí. Ìtọ́jú ni èyí. Ẹni tí a bá ṣèlérí ìwòsàn fún tí kò sì rí i yóò sọ pé wọ́n tan òun jẹ.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó rọ́pò ‘iṣẹ́’ kò jìnnà. Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé ‘àṣà àti ìṣe’, ohun gbogbo tí àwùjọ kan ń ṣe ni ó ń tọ́ka sí, láti orí oúnjẹ dé orí ayẹyẹ. Ìṣe gba iṣẹ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò lè gba ìṣe mọ́ra. Bí a bá so ‘fi’, ‘ìṣe’ àti ‘tọ́jú’ pọ̀, tí a sì fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- sí i, a ó ní ìfìṣetọ́jú. Bí àfòmọ́ náà bá jẹ́ a-, a ó ní afìṣetọ́jú, ẹni tí ń fi ìṣe tọ́jú ènìyàn. Ọ̀nà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní ọdún 1990, fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ lè wà létòlétò ní èdè yìí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà dojú kọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àbá fún ẹ̀ka ìmọ̀ tí ìwé náà kò kàn.

ìṣe: ohunkóhun tí ènìyàn ń ṣe nínú ìgbé-ayé rẹ̀ tí ó ní ìtumọ̀ fún un.

ìfìṣetọ́jú: ìmọ̀ àti iṣẹ́ fífi ìṣe tọ́jú ènìyàn, kí ó lè padà sẹ́nu ìṣe rẹ̀.

afìṣetọ́jú: ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ yìí yanjú, tí ó sì forúkọ sílẹ̀ láti ṣe é.

olùgbàtọ́jú: ẹni tí a ń tọ́jú. A kò pè é ní aláìsàn, nítorí ọmọ tí a bí pẹ̀lú apá kan kò ṣàìsàn.

ìṣe ìtọ́jú-ara: wíwẹ̀, jíjẹ, wíwọṣọ àti irú wọn.

ìṣe àbójútó-ilé: oúnjẹ sísè, omi pípọn, ọmọ títọ́, owó níná.

iṣẹ́ ajé: ìṣe tí a fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ẹ̀ka kan lára ìṣe ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

ìṣe ìgbafẹ́: ayò, eré, orin àti ìtàn.

ìṣe àjọṣe: ìkíni, ìpàdé ẹbí, ìsìn, ọdún àti ayẹyẹ.

ìtúpalẹ̀ ìṣe: títú ìṣe kan sí wẹ́wẹ́, láti mọ ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ ara, ọpọlọ àti àwùjọ.

àtúntò ìṣe: yíyí ọ̀nà, irinṣẹ́ tàbí ibi tí a ti ń ṣe ìṣe padà, kí olùgbàtọ́jú lè ṣe é.

àyíká ìṣe: ilé, ọjà, oko àti àwọn ènìyàn tí ìṣe ti ń wáyé láàárín wọn.

òdiwọ̀n ìṣe: ohun tí a fi ń wọn bí ẹnì kan ti lè ṣe ìṣe rẹ̀ tó.

3. Ohun tí òdiwọ̀n ń wọ̀n àti ohun tí ó ń fò

Ọ̀rọ̀-ìperí nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ máa ń bá irinṣẹ́ rìn, irinṣẹ́ náà sì ní ìlú tí ó ti wá. Àpẹẹrẹ kan ni òdiwọ̀n tí Mahoney àti Barthel gbé jáde ní ọdún 1965, tí a ṣì ń lò káàkiri ayé fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú. Ohun mẹ́wàá ni ó ń wò, ó sì ń fún olùgbàtọ́jú ní máàkì nínú 100. Jíjẹun gba 10, wíwẹ̀ gba 5, gígun àtẹ̀gùn sì gba 10.

Ní ìlú tí ilé alájà pọ̀ sí, máàkì fún àtẹ̀gùn bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ní agboolé tí gbogbo yàrá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn kò pàdánù nǹkan kan lójoojúmọ́, síbẹ̀ yóò pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá máàkì. Ní ìdà kejì, kò sí máàkì kankan fún ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Obìnrin tí eékún rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́ kò lè kí àgbà bí ó ti tọ́, ohun tí ó sì ń ro òun lára lójoojúmọ́ kò ní ibì kankan nínú ìwé ìṣirò. Kò sí máàkì fún jíjókòó sórí àpótí kékeré nídìí ààrò, kò sì sí fún gbígbé omi sórí.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tún wà níbẹ̀. Òdiwọ̀n náà ń béèrè bóyá ènìyàn lè jẹun fúnra rẹ̀. Kò béèrè ọwọ́ tí ó fi ń jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀tún ni a fi ń jẹun láwùjọ, òun ni a fi ń nawọ́ nǹkan sí ènìyàn, òun ni a sì fi ń gbà á. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹni tí apá ọ̀tún rẹ̀ kú, tí wọ́n kọ́ láti máa fi òsì ṣe ohun gbogbo, lè gba máàkì pípé lórí jíjẹun ní ilé ìwòsàn, kí ó sì máa jẹun ní kọ̀rọ̀ nílé nítorí ìtìjú. Bí ó bá sì jẹ́ pé apá òsì ọpọlọ ni ó bà jẹ́, tí ó fi jẹ́ ọ̀tún ni ó kú, ọ̀rọ̀ sísọ sábà máa ń bá a lọ, tí kò fi ní lè ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a sọ òdiwọ̀n náà nù. Òun ni ó jẹ́ kí dókítà ní Ìbàdàn àti dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi ohun kan wé ara wọn. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì mọ̀ ni ibi tí irinṣẹ́ náà ti ń ríran àti ibi tí ojú rẹ̀ ti fọ́.

4. Àpẹẹrẹ méjì láti Ìlóbí

4.1. Láfún. Ìtúpalẹ̀ ìṣe ni ọkàn ìmọ̀ yìí, ìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì fi kọ́ ọ ni yóò máa rántí. Bí a bá fi láfún kọ́ ọ, ohun tí ó wà níbẹ̀ pọ̀. Láti bó ẹ̀gẹ́, ọwọ́ kan ní láti di ẹ̀gẹ́ mú gírígírí, kí ọwọ́ kejì fi ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀, kí ọrùn ọwọ́ sì yí. Ẹ̀yìn ń tẹ̀, ìbàdí ń ká, nítorí àpótí kò ga. Lẹ́yìn èyí ni rírẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fífún un, sísá a sóòrùn, lílọ̀ ọ́, àti rírò ó nínú omi gbígbóná.

Iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ ń lò nínú omi kì í ṣe eré. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tí ó korò, rírẹ àti sísá sì wà lára ohun tí ń dín in kù. Nítorí náà, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò rántí ọjọ́ mọ́ lè fi gbogbo ilé sínú ewu bí ọwọ́ rẹ̀ bá tilẹ̀ le koko. Níhìn-ín ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i pé ìṣe kan náà ń béèrè agbára, ìrántí àti ìṣọ́ra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àtúntò ìṣe náà kò sì gbówó lórí. Pátákó tí a kan ìṣó mẹ́ta sí, tí ẹnu ìṣó yọ sókè, yóò di ẹ̀gẹ́ mú fún ẹni tí ó ní ọwọ́ kan. Àpótí tí ó ga díẹ̀ yóò gba ẹ̀yìn sílẹ̀. Àkéte igi tí a gbé sókè fún sísá yóò mú ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ kúrò. Ìlà èédú lára ògiri, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, yóò ran ìrántí lọ́wọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò lè ṣe gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun tí afìṣetọ́jú mú wá ni ojú tí ó fi rí ibi tí ìṣe ti dí.

4.2. Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Nínú àwọn ìtàn tí a ń sọ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ìlóbí wà lára àwọn ìlú tí a dárúkọ. Eré yìí, tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí, ni àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn àjogúnbá pàtàkì ti ọmọ ènìyàn ní ọdún 2001. Ọkùnrin tí ó máa ń jó o ń gbé ère sórí, irin ń dún lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ohùn ìlù mu wẹ́kú. Bí rọpárọsẹ̀ bá mú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, kí ni ó pàdánù? Kì í ṣe iṣẹ́ ajé, nítorí àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò ni ó lè jẹ́. Kì í ṣe ìṣe ìgbafẹ́ lásán, nítorí ọ̀wọ̀ àti ojúṣe wà nínú rẹ̀. Ìṣe àjọṣe ni, òun ni ó sì lè dun ún jù lọ.

Ìlànà ẹ̀kọ́ tí ó pín ayé ènìyàn sí ìtọ́jú-ara, iṣẹ́ àti eré nìkan kò ní rí ibi tí yóò fi èyí sí. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìṣe àjọṣe wà yóò béèrè ohun tí ó tún ṣeé ṣe nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún ẹni tí kò lè jó mọ́. Ó lè máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹsẹ̀ ijó. Ó lè máa bójú tó ère. Ó lè jókòó ti àwọn onílù, kí ó máa sọ ibi tí ẹsẹ̀ ti yà kúrò lára ìlù. Ijó ti bọ́, ṣùgbọ́n ipò kò bọ́.

5. Àbá fún ìlànà ẹ̀kọ́ oyè kejì

Àríyànjiyàn nípa ìpele ẹ̀kọ́ yìí kò tíì rọlẹ̀ láyé. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2007 ni ẹni tí yóò wọ iṣẹ́ náà ti gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ kọjá oyè àkọ́kọ́. Ní ọdún 2017, wọ́n ní kí ó di oyè ọ̀mọ̀wé nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2027. Nígbà tí ó di ọdún 2019, wọ́n pa ìpinnu náà tì, wọ́n sì fi ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀. Gígùn ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó kì í ṣe gígùn rẹ̀, bí kò ṣe ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú ìgbé-ayé olùgbàtọ́jú. Àwọn àbá tí ó tẹ̀ lé e yìí dá lórí èyí.

(a) Kí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ọdún kìíní jẹ́ lórí ìṣe gẹ́gẹ́ bí èrò: ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́, àti ìtàn ìmọ̀ náà láti Clifton Springs dé Aró.

(b) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní èdè olùgbàtọ́jú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó yẹ. Ìbéèrè tí ó dára kò ju èyí lọ: ‘Ìyá, bí ẹ bá jí láàárọ̀, kí ni ẹ máa ń ṣe títí ilẹ̀ fi máa ń ṣú?’ Ìdáhùn ìbéèrè yìí lè gba wákàtí kan, láàárín wákàtí náà sì ni gbogbo ìṣe ìyá yóò ti jáde.

(d) Kí ìtúpalẹ̀ ìṣe dá lórí ìṣe àdúgbò: láfún, aṣọ híhun, ọ̀pẹ kíkọ, ìkíni, ilà irun dídì.

(e) Kí apá kan nínú ẹ̀kọ́ ojú-iṣẹ́ wáyé ní abúlé àti ìlú kékeré bí Ìlóbí, kì í ṣe ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá nìkan. Ní ilé ìwòsàn, aṣọ kan náà ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀, bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n ń sùn sí. Ìṣe ti kúrò lára wọn kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé.

(ẹ) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ àṣàmọ̀ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní èdè Yorùbá tàbí èdè abínibí mìíràn, kí ó sì ṣe àkójọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àkójọ yìí yóò ti di ìwé atúmọ̀.

Ìkòkò ìlànà ẹ̀kọ́ kì í fẹ̀ láìjẹ́ pé a yọ ohun kan nínú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a yọ ni àwọn ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara tí akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ nígbà oyè àkọ́kọ́. Kí a fi ìdánwò ìwọlé wádìí rẹ̀, kí a má tún un kọ́. Àyè sì wà lọ́dọ̀ ìjọba pàápàá: nínú ìlànà tí àjọ tí ń ṣe àkóso àwọn yunifásítì Nàìjíríà gbé jáde ní ọdún 2022 fún oyè àkọ́kọ́, ìdá 70 nínú 100 ni àjọ náà là sílẹ̀, ìdá 30 tí ó kù wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gbin ọ̀rọ̀-ìperí sínú ìdá 30 yìí ní oyè àkọ́kọ́, yóò ti ta gbòǹgbò kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé oyè kejì.

6. Àwọn àtakò

Ẹnì kan lè sọ pé ‘ìṣe’ tún túmọ̀ sí ìwà, bí a ti ń sọ pé ‘ìṣe rẹ̀ kò dára’, àti pé àwọn ènìyàn lè rò pé oníwà búburú ni afìṣetọ́jú ń tọ́jú. Òótọ́ wà nínú àtakò yìí. Ọ̀rọ̀ náà nílò àlàyé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún: ọ̀pọ̀ tí ó bá gbọ́ ọ ń rò pé wọ́n fẹ́ wáṣẹ́ fún aláìsàn ni. Àṣìyé kan kò lè ṣàì wà. Èyí tí àlàyé ṣókí lè mú kúrò ni ó sàn.

Ẹlòmíràn lè sọ pé bí a kò bá fi àmì sí i, iṣẹ́, ìṣẹ́ àti ìṣe yóò pàdé lójú ìwé. Èyí jẹ́ ìdí láti fi àmì sí ọ̀rọ̀ nínú ìwé ìlera, kì í ṣe ìdí láti yẹra fún ọ̀rọ̀ náà. Ìwé tí ó lè sọ ìṣe olùgbàtọ́jú di ìṣẹ́ kò yẹ ní ilé ìwòsàn.

Àtakò tí ó wúwo jù ni ti èdè fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbọ́ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo olùgbàtọ́jú ní ẹkùn ibodè Yewa ni Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀. Àwọn tí ń sọ Ègùn wà níbẹ̀. Ìdáhùn sí èyí ni pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ kọjá ọ̀rọ̀ méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Ọ̀nà tí a gbà rí wọn ni ó ń kọ́. Ẹni tí ó bá ti mọ ìdí tí ‘iṣẹ́’ kò fi tó ní Yorùbá yóò mọ bí a ti ń wá ọ̀rọ̀ tí ó tó ní Ègùn, ní Ìgbò tàbí ní Haúsá.

Ìkìlọ̀ kan sì tún kù. Ní ọdún 2006, Michael Iwama gbé ìwé kan jáde lórí ètò èrò tí òun àti àwọn afìṣetọ́jú ní Jàpáànù fi odò ṣàpèjúwe: omi ni ayé ènìyàn, àpáta inú odò ni ìṣòro, bèbè odò ni àyíká. Ètò náà gbajúmọ̀, ó sì lè wu olùkọ́ ní ilẹ̀ Yewa láti gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí odò ni orúkọ Yewa, tí a fi rọ́pò Ẹ̀gbádò ní ọdún 1995, ti wá. Ṣùgbọ́n Yewa kì í ṣe omi nìkan. Òrìṣà ni pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sì ní ìtumọ̀ mìíràn létí ará ibẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànù ni ìgboyà wọn láti bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Odò wọn jẹ́ tiwọn.

7. Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ‘iṣẹ́’ dín ju ohun tí ìmọ̀ náà ń tọ́jú lọ, pé ‘ìwòsàn’ ṣèlérí ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé ‘ìfìṣetọ́jú’ lè ṣe é láìṣàbùkù púpọ̀. Ó ti fi hàn pé òdiwọ̀n tí a yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ń wọn àtẹ̀gùn, kò wọn ìkúnlẹ̀. Ó sì ti dábàá ohun márùn-ún tí àtúntò ìlànà ẹ̀kọ́ oyè kejì lè dá lé.

Ní ọdún 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ohun tí ètò náà fi hàn fún ọmọdé, àwọn olùkọ́ yunifásítì ni ó kù tí yóò gbà á fún àgbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: onímọ̀ èdè kò mọ ìtọ́jú, afìṣetọ́jú kò mọ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Nígbà náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún dé Ìlóbí, tí ó kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá lẹ́nu ọ̀nà, yóò mọ ohun tí yóò béèrè, ìyá yóò sì ní púpọ̀ láti sọ.